Ọmọ Gáánà Tí Wọ́n Fi Lé Ọlọ́rundáre Lọ́wọ́

Kí Kwabena tó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ rárá ni Ọlọ́rundáre ti kórìíra rẹ̀. Olórí àwọn ajíhìnrere ìjọ Mọ́mọ́nì, òyìnbó kan tó ń gbé Ìbàdàn, ló ránṣẹ́ sí i ní Iléṣà pé ọmọkùnrin kan ń bọ̀ wá bá a ṣiṣẹ́, pé ọmọ náà kò kúrò nílé rí, kí Ọlọ́rundáre mú un mọ́ra, kó sì fi iṣẹ́ ìwàásù hàn án ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀ bí ẹ̀gbọ́n ti ń fi oko han àbúrò. Gbogbo ìyẹn dára létí rẹ̀, àfi ìgbà tó gbọ́ pé ọmọ Gáánà ni.

Ọdún 1979 là ń wí yìí. Ó ti pé ọdún mẹ́wàá tí Gáánà lé Ọlọ́rundáre àti àwọn èèyàn rẹ̀ bí ẹní lé ewúrẹ́ nídìí èlùbọ́. Kùmásì ni wọ́n bí i sí. Ọlágòkè bàbá rẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀ṣà pọ́ńbélé, ń ta aṣọ níbẹ̀, ọmọ náà kò sì mọ ilé mìíràn. Nígbà tí ìjọba ibẹ̀ pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò níwèé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn tí wọ́n jọ ń jẹun nínú àwo kan náà bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n ní Aláàtà, orúkọ ẹ̀gàn tí wọ́n ń pe ọmọ Nàìjíríà, lójú pópó, wọ́n ní kí wọ́n máa lọ sílé wọn. Lọ́jọ́ tí wọ́n máa gbéra, Ọlágòkè padà lọ ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó bá àwọn géńdé níbẹ̀ tí wọ́n ń pín aṣọ rẹ̀ láàárín ara wọn. Wọ́n fi irin nà án. Wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ akẹ́rù bẹ́ẹ̀, ó sì kú lójú ọ̀nà ní ilẹ̀ Dàhòmì. Ẹ̀gbẹ́ títì ni wọ́n sin ín sí, tí awakọ̀ ń fun fèrè pé kí wọ́n tètè ṣe. Ọlọ́rundáre kò ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lọ. Ó búra níbẹ̀ pé bí Ọlọ́run bá fi ọmọ Gáánà kan ṣoṣo lé òun lọ́wọ́, òun yóò gbẹ̀san.

Ohun tó fà á wọ ìjọ Mọ́mọ́nì pàápàá kò ju bàbá rẹ̀ lọ. Wọ́n sọ fún un pé ìdílé tí ikú tú ká yóò tún wà pọ̀ títí láé, ọ̀rọ̀ náà sì dì í mú. Kò rántí ìbúra rẹ̀ mọ́ títí ìròyìn Kwabena fi dé.

Tẹ́ẹ́rẹ́ lọmọ náà, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó so táì, wọ́n sì kọ "Alàgbà" síwájú orúkọ rẹ̀ lórí báàjì dúdú tó fi há àyà. Àwọn ọmọ àdúgbò rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní irú alàgbà wo ni kò ní irùngbọ̀n. Kwabena dọ̀bálẹ̀ fún Ọlọ́rundáre níbi tí ọkọ̀ já a sí, eruku sì kun táì rẹ̀. Èdè òyìnbó ni wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Ọlọ́rundáre gbọ́ Túì, èdè Kùmásì, bí ẹni mu ún mọ́ ọmú, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó hàn. Ó gbé èdè náà pamọ́ bí ẹní gbé ọ̀bẹ sábẹ́ ẹní.

Òfin iṣẹ́ wọn ni pé méjì-méjì ni ajíhìnrere ń rìn. Inú yàrá kan náà ni wọ́n ń sùn, wọ́n jọ ń jẹun, wọ́n jọ ń kúnlẹ̀, ọ̀kan kò sì gbọdọ̀ fi èkejì sílẹ̀. Ọlọ́rundáre rí i pé òfin náà ṣe òun lóore. Ẹ̀rọ omi wà lẹ́yìnkùlé ilé tí wọ́n ń gbé ní Ìjọ̀kà, síbẹ̀ ó ní odò ni wọ́n ti ń pọnmi, ó sì jókòó sórí àpáta, ó ń wo ọmọ náà bó ti ń gbé garawa gun òkè. Ó mú un rìn nínú oòrùn láti Ìjọ̀kà dé Ìsọ̀kùn títí bàtà fi bó o lẹ́sẹ̀. Ọmọ náà ló ń fọ ẹ̀wù àwọn méjèèjì. Kwabena kò ráhùn. Ohun tó tiẹ̀ ń bí Ọlọ́rundáre nínú jù nìyẹn.

Nígbà tó kan kíkọ́ èdè, Ọlọ́rundáre sọ fún un pé "ẹ" ni wọ́n ń pe ọmọdé, pé "o" ni wọ́n fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà. Kwabena ronú díẹ̀, ó ní nígbà tí òun wà ní kékeré, ó dà bíi pé òdìkejì rẹ̀ lòun gbọ́. Ọlọ́rundáre ní ṣé òun tó jẹ́ ọmọ Yorùbá ni kò mọ̀ ọ́n ni. Ọmọ náà tọrọ àforíjì.

Ọ̀dọ̀ Olóyè Fálẹ́yìmú ni wọ́n lọ lọ́jọ́ kejì, arúgbó kan tí gbogbo Ìsọ̀kùn ń bẹ̀rù. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárín àwọn ọmọ rẹ̀. Kwabena rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tẹ ara ba, ó ní, "Káàárọ̀, bàbá. Ṣé o sùn dáadáa?"

Àwọn ọmọ olóyè dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan ti fa ọmọ náà ní táì mọ́ra kí arúgbó náà tó gbọ́wọ́ sókè. Ó wo Kwabena, ó wá yí ojú sí Ọlọ́rundáre. "Ọmọ yìí kò gbọ́ èdè wa," ó wí. "Ta ló kọ́ ọ?"

Ọlọ́rundáre ní òun kò mọ̀. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, Kwabena ló ń bẹ̀ ẹ́, ó rò pé ahọ́n òun ló lọ́ ọ̀rọ̀ náà po, tí òun sì dójú ti ẹ̀gbọ́n òun.

Ní kùtùkùtù, Kwabena a máa kúnlẹ̀, a sì máa gbàdúrà sókè ní Túì, nítorí ó gbà pé Ọlọ́run nìkan ló ń gbọ́ òun. Ọlọ́rundáre a máa kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a sì dijú bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ọmọ náà ní, "Olúwa, ṣàánú arákùnrin mi yìí. Nǹkan kan ń jẹ ẹ́ nínú, má jẹ́ kó pa á. Fi ẹsẹ̀ mi lé ọ̀nà ilé Màámi Síkí tó pọ̀n mí nígbà tí ìyá mi kú. Ìwọ mọ̀ pé nítorí rẹ̀ ni mo ṣe bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n rán mi wá sí ilẹ̀ Yorùbá."

Ọlọ́rundáre mọ ẹni tó ń wí. Ta ni kò mọ Sikirat ìyàwó Sànúsí, tó ń ta abọ́ tánganran ní Kùmásì? Inú ọkọ̀ akẹ́rù kan náà ni wọ́n jọ bọ̀. Obìnrin náà ló gbé orí Ọlágòkè lé itan títí ẹ̀mí fi bọ́. Òkè-Fìà ní Òṣogbo ló ń gbé báyìí, ó sì ń tajà ní Ọjà Ọba.

Nídìí oúnjẹ àárọ̀, Kwabena béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó lè bá òun wá obìnrin kan báyìí-báyìí. Ọlọ́rundáre gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Mo mọ̀ ọ́n," ó ní. "Ó ti kú. Ojú ọ̀nà ló kú sí lọ́dún tí ẹ lé wa. Àwọn ará ilẹ̀ yín fi irin nà án, ẹ̀gbẹ́ títì la sin ín sí, awakọ̀ kò tiẹ̀ jẹ́ ká gbẹ́ ilẹ̀ náà jìn."

Ikú bàbá rẹ̀ ló gbé fún obìnrin náà, kò yọ ibì kankan sílẹ̀. Kwabena ti àwo oúnjẹ sẹ́yìn, ó ní òun yóò gbààwẹ̀. Láti ọjọ́ náà kò jẹ, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mu omi. Ọlọ́rundáre ń wò ó, inú rẹ̀ dùn bí ẹni tí wọ́n yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Oorun tó sùn lákòókò náà, kò sun irú rẹ̀ láti Kùmásì.

Ṣùgbọ́n adùn ẹ̀san kì í tó ẹnì kan dá jẹ. Nígbà tó di Sátidé, ó ń wá ẹni tí yóò bá a yọ̀, kò sì sí ẹni tó tọ́ sí i ju Sikirat fúnra rẹ̀ lọ, tí òun náà pàdánù gbogbo ohun tó ní sí Gáánà. Ó fi Kwabena sílẹ̀ sọ́dọ̀ onílé wọn, ó rú òfin ìjọ, ó wọ takisí lọ sí Òṣogbo.

Sikirat ń to abọ́ nígbà tó dé. Inú rẹ̀ dùn láti rí i, ó fa àpótí fún un. Ọlọ́rundáre ro gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí omi odò títí dé orí ààwẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bó ti ń sọ ọ́. Kò tètè rí i pé ọwọ́ obìnrin náà ti dúró lórí abọ́.

"Kwabena ọmọ Àkósúà tó kú?" ni Sikirat bi í.

"Òun ni, màmá. Mo sọ fún un pé ẹ ti kú."

"Ta ló pa bàbá ẹ?"

"Àwọn ará Gáánà ni, ẹ̀yin náà mọ̀."

"Mo mọ ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí mo bá kírun tán, mo máa ń fi wọ́n lé Ọlọ́run lọ́wọ́ títí dòní, mi ò sì tíì dárí jì wọ́n. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Kwabena nígbà náà. Ó so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ wa títí wọ́n fi já ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Ìwọ náà wà nínú ọkọ̀ yẹn, o rí i." Ohùn rẹ̀ kò ròkè. "Ọmọ mi ni. O wá gbé ikú bàbá ẹ wọ̀ mí lọ́rùn, o fi pa á lẹ́kún."

Ọlọ́rundáre ní òun kò mọ̀ pé ọmọ yẹn ni. Sikirat fi ọjà sílẹ̀ fún Fàtímọ̀ tó wà nítòsí rẹ̀, ó so ìborùn mọ́rí, ó ní kó dìde. Wọ́n wọ ọkọ̀ padà sí Iléṣà.

Lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó dúró. "Wọlé lọ sọ ọ́ fún un," ó wí. "Túì ni kó o fi sọ ọ́. Mi ò ní yọjú títí yóò fi gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ."

Kwabena sùn sórí ẹní, ó kọjú sí ògiri, ètè rẹ̀ ti bó. Ọlọ́rundáre la ẹnu, èdè tí kò sọ láti ọdún mẹ́wàá sì jáde láì fa ẹsẹ̀. Ó ní Màámi Síkí kò kú, pé ó wà níta, pé irọ́ lòun pa, bàbá òun ni ó kú lójú ọ̀nà. Ọmọ náà yíjú padà díẹ̀díẹ̀.

"O gbọ́ Túì?"

"Kùmásì ni wọ́n bí mi sí."

"Gbogbo àdúrà mi, o ń gbọ́ ọ?"

"Mo ń gbọ́ ọ."

Kwabena dìde, ó di ògiri mú kó má bàa ṣubú. "Ojoojúmọ́ ni mo gbàdúrà fún ẹ," ó wí. "Mo gba gbogbo rẹ̀ padà."

Ó jáde. Ọlọ́rundáre gbọ́ ohùn Sikirat níta, ó ń bá ọmọ náà wí pé ó rù, ó tún ń sunkún. Kí oòrùn tó wọ̀, àwọn méjèèjì ti gbé àpótí, wọ́n ti lọ sí Òṣogbo.

Olórí ìjọ wá láti Ìbàdàn. Ọlọ́rundáre kò fi nǹkan kan pamọ́ fún un, kò sì bẹ̀bẹ̀. Wọ́n fi Kwabena ti ẹlòmíràn kí wọ́n jọ máa ṣiṣẹ́, wọ́n ní kí Ọlọ́rundáre sinmi iṣẹ́ ìwàásù ná. Ìbínú rẹ̀ kò lọ. Ó bínú sí ọmọ náà, ó bínú sí Sikirat, ó tún wá ń bínú nítorí pé òun ti ná ikú bàbá òun bí ẹni ná owó ayédèrú.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ó wọkọ̀ lọ sí Dàhòmì láti wá ojú oórì náà. Wọ́n ti fẹ títì, wọ́n ti gé àwọn igi, gbogbo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà sì jọra. Ó rìn ín lọ, ó rìn ín bọ̀, kò dá ibẹ̀ mọ̀. Nígbà tó padà, ó lọ bá Sikirat ní Ọjà Ọba, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní kó jọ̀wọ́ bá òun lọ, kó wá fi ibi tí wọ́n sin bàbá òun sí han òun.

Sikirat ní òun gbọ́. Kò dá ọjọ́ tí wọn yóò lọ, Ọlọ́rundáre náà kò sì tíì lè béèrè.