Ìkúnlẹ̀ Wòsílátù

Láti òwúrọ̀ ni ara Wòsílátù kò ti balẹ̀. Nínú mọ́tò tó gbé e wá sí Ìjẹ̀bú-Òde, ó gbé ọ̀pá àṣẹ Kábíyèsí sọ́tùn-ún, ó gbé e sósì, ó fi í sáàárín itan. Ibì kankan kò gbà á. Ọba Ìdómúrẹ̀ ti sọ ọ́ lójú gbogbo ìlú pé ohunkóhun tí Wòsílátù bá fẹnu kò lé lórí, òun ọba ló fẹnu kò lé e lórí. Kò ní padà wá béèrè, ẹnikẹ́ni kò sì ní yí i. Ọba Òkè-Arà náà ti gbé irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ lé aṣojú tirẹ̀ lọ́wọ́.

Odò Ẹ̀sọ̀ ló dá ìjà sílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ Òkè-Arà ti dí ọ̀nà ibẹ̀, wọ́n ní inú ààlà àwọn ni. Àwọn obìnrin Ìdómúrẹ̀ kò wá rí omi fọ ẹ̀gẹ́ mọ́, bẹ́ẹ̀ gàrí ni ìlú ń jẹ, gàrí náà ni wọ́n fi ń rán ọmọ níléèwé. Bí odò yìí bá bọ́, ojú wo ni Wòsílátù yóò fi wọ̀lú?

Èyí tó tún burú ni pé Òkè-Arà ni wọ́n bí i sí. Ọkọ ló gbé e dé Ìdómúrẹ̀. Bọ̀wálé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọmọ ìyá kan náà, tó jẹ́ ìjòyè níbẹ̀, sì ni Òkè-Arà rán wá.

Kábíyèsí ti kìlọ̀ fún un: ẹni tó bá di ọ̀pá yìí mú, ọba ni, ọba kì í sì í kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. “Mi ò ní kúnlẹ̀,” ló ń wí fún ara rẹ̀ títí ó fi wọ gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fẹ́ lò fún ìpàdé ìlú méjèèjì.

Ìlẹ̀kùn ṣí. Bọ̀wálé wọlé nínú agbádá funfun, ó di ọ̀pá ọba tirẹ̀ mú. Olóyè Sàlàkọ́, àgbàlagbà tó bá a wá ṣe ẹlẹ́rìí, wà lẹ́yìn rẹ̀. Kí Wòsílátù tó mọ ohun tó ń ṣe, orúnkún rẹ̀ ti kanlẹ̀.

“Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ káàárọ̀ o.”

Orúnkún tó ti ń kúnlẹ̀ láti kékeré, ta ló fẹ́ fi ìkìlọ̀ dá a dúró?

Sàlàkọ́ pàtẹ́wọ́. “Ó parí! Ọba wọn ti kúnlẹ̀ fún ọba wa. Kí la tún fẹ́ jókòó sọ? Tiwa lodò!”

Wòsílátù dìde gìrì. Ojú tì í débi pé ì bá dára kí ilẹ̀ lanu kó gbé e mì. Ó mọ̀ pé bí ẹ̀gbọ́n òun bá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Bọ̀wálé wò ó, wò ó. Ni ó bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́, agbádá funfun lórí sìmẹ́ńtì.

“Bọ̀wálé! Ṣé orí ẹ pé?” Sàlàkọ́ pariwo. “Fún àbúrò ẹ?”

“Fún Kábíyèsí Ìdómúrẹ̀ ni,” Bọ̀wálé dáhùn láti ilẹ̀. “Wọ́n kí wa, a kí wọn padà. Ẹ jẹ́ ká jókòó.”

Sàlàkọ́ fa fóònù yọ, ó fìbínú jáde.

Ìjókòó náà kò dùn. Bọ̀wálé kò fi ti ìyekan ṣe: ó gba ilẹ̀ oko òkè odò fún Òkè-Arà, Wòsílátù jà títí ẹnu fi gbẹ. Níkẹyìn, wọ́n gbà pé odò jẹ́ ti ìlú méjèèjì, kí ọ̀nà sì ṣí. Wọ́n fọwọ́ sí i.

Wọn ò tíì dìde tí fóònù Bọ̀wálé fi dún. Ó tẹ́tí títí. “Mo gbọ́, Kábíyèsí,” ni gbogbo ohun tó sọ. Ó gbé fóònù sílẹ̀. “Wọ́n ti gba oyè mi. Wọ́n ní n ò gbọdọ̀ wọ̀lú mọ́.”

Wòsílátù bú sẹ́kún. “Èmi ni mo kó bá yín. Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jẹ́ ká fa ìwé yìí ya.”

“Ìwé ta ni? Ìwé ọba méjì ni. Èmi ni wọ́n lè lé; wọn ò lè lé ọ̀rọ̀ ẹnu wọn.”

Lọ́jọ́ kejì, àwọn obìnrin Ìdómúrẹ̀ gbé ẹ̀gẹ́ lọ sódò, ẹnikẹ́ni kò dá wọn dúró. Bọ̀wálé wà n'Íjàgun, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, ó ń wá yàrá tí yóò háyà.