Irin Kékeré Tó Wà Lẹ́nu Ìbọn

Mi ò fẹ́ kí oníbàárà máa fọwọ́ kan irinṣẹ́ tí mo fi ń tún ìbọn ṣe. Ọkùnrin yìí ti fọwọ́ kan gbogbo rẹ̀ tán kó tó gbé ìbọn ọdẹ àtijọ́ kan sórí tábìlì.

“Màmá, ẹ bá mi wo irin tí wọ́n fi ń fojú sun ẹran yìí. Ṣé ojúlówó ni? Bàbá bàbá mi ló rà á ní tuntun, a ò pààrọ̀ nǹkan kan lára ẹ̀.”

“Ẹnu ẹ kọ́ ni màá ti mọ̀. Gbọ́wọ́ kúrò níbẹ̀!”

Irin tó wà lẹ́yìn, ojúlówó ni. Ti iwájú, tó wà ní ṣóńṣó ẹnu ìbọn, ń dán bíi fàdákà. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ìbọn kì í lo fàdákà. Àwa ọdẹ ìpínlẹ̀ Montana níbí la máa ń fi ayùn gé owó fàdákà àtijọ́ fi síbẹ̀, kó lè hàn nínú igbó tó ṣú. Mo fi awò tó ń mú nǹkan tóbi wò ó. Mo rí ibi tí ayùn ti yẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́.

Èmi ni mo gé e fún Wendell àbúrò mi, tó lọ ṣọdẹ lórí òkè lọ́dún tó kọjá, tí a ò rí òun, tí a ò rí ìbọn ẹ̀.

Ọkùnrin náà ló wà láàárín èmi àti ilẹ̀kùn.

“Ojúlówó ni,” mo ní. “Máa gbé e lọ.”

Kò gbé e. Ó rọra ti ilẹ̀kùn.

“Ó mà yà mí lẹ́nu o, Màmá. Wendell búra fún mi pé ẹ máa dá iṣẹ́ ọwọ́ yín mọ̀.”