Ìbéèrè Tí Jàfárù Gbé Lọ Sílé Méyọ̀

Ní ọdún 2009, ọdún tí fúlúù ẹlẹ́dẹ̀ kó jìnnìjìnnì bá gbogbo ayé, ìlú kékeré kan wà láàárín Lanham àti Hyattsville, ní ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá ń wa mọ́tò bọ̀ lè gba ibẹ̀ kọjá láìmọ̀ pé òun ti wọ ìlú, òun sì ti jáde. Ṣùgbọ́n ìlú ni, ẹ má fojú kéré rẹ̀. Ó ní méyọ̀, ó ní káńsílọ̀ márùn-ún tí aráàlú fìbò yàn, ó sì ní gbọ̀ngàn kan tí wọ́n kọ́ sẹ́yìn ọ́fíìsì ìlú fún àwọn àgbàlagbà.

Ọ̀rọ̀ gbọ̀ngàn yìí ni mo fẹ́ sọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ iṣẹ́ gbogbo, wọ́n á gbé oúnjẹ gbígbóná wá síbẹ̀. Àwọn àgbà á jẹun, wọ́n á ta dómínò, wọ́n á sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí kì í pè wọ́n, títí oòrùn á fi rọlẹ̀.

Jàfárù wà lára àwọn káńsílọ̀ márùn-ún náà. Ó ti wa bọ́ọ̀sì èrò láti Hyattsville dé Greenbelt fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó fẹ̀yìn tì, àwọn arúgbó tó máa ń gbé ló sì dìbò fún un, torí pé kì í ṣí bọ́ọ̀sì títí wọ́n á fi jókòó dáadáa. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀, Mọ̀ríámọ̀, ti kú, gbọ̀ngàn náà lòun pàápàá ti ń jẹun ọ̀sán. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, Kabir, wà ní Texas pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ. Télifíṣọ̀n méjì ló wà nílé Jàfárù, ọ̀kan ní pálọ̀, ọ̀kan ní yàrá, ó sì máa ń tan méjèèjì pọ̀ kí ilé lè dà bí ilé tó lérò.

Lọ́jọ́ kan nínú oṣù kẹwàá, Jàfárù dé gbọ̀ngàn, ó bá ṣéènì lẹ́nu ọ̀nà, àgàdágodo ńlá sì wà lára rẹ̀. Ó wọ ọ́fíìsì ìlú lọ béèrè. Akọ̀wé ní méyọ̀ ló ní kí wọ́n tì í nítorí fúlúù.

"Títí dìgbà wo?"

"Wọn ò sọ fún mi, Káńsílọ̀."

Wọn ò sọ fún òun náà. Káńsílọ̀ ìlú, ara àgàdágodo ló ti gbọ́ ìròyìn.

Kó tó délé, fóònù ti ń dún. Àlàájà Abibat ni, ọmọ Ọ̀yọ́, opó tó ń gbé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ obìnrin ní àjà kẹta ilé kan ládùúgbò. Nọ́ọ̀sì ni ọmọ náà. Yóò ti jáde kí ìyá tó jí, ìyá á sì ti sùn kó tó wọlé.

"Káńsílọ̀ wa, ẹ wá ti ilẹ̀kùn oúnjẹ mọ́ wa lórí?"

"Èmi kọ́ o, Àlàájà. Méyọ̀ ni. Wọ́n ní nítorí fúlúù ẹlẹ́dẹ̀."

"Ẹlẹ́dẹ̀? Èmi tí n ò fẹnu kàn án rí láyé mi? Kí ló ní kó bá mi ṣe?"

Ẹ̀rín pa Jàfárù. Àlàájà náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín tirẹ̀ kò pẹ́.

"Jàfárù, láti àárọ̀, ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tí mo gbóhùn rẹ̀. Fìríìjì nìkan ló ń bá mi sọ̀rọ̀ nínú ilé yìí. Ọmọ mi ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, ó ní bí kò bá sí gbọ̀ngàn yẹn mọ́, òun á kó mi lọ bá ẹ̀gbọ́n òun ní Atlanta, kí n má baà máa dá wà. Ta ni mo mọ̀ ní Atlanta?"

"Ẹ ò ní lọ síbì kankan. Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi."

Bí ó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, ó sì wá di ẹrù sí i lọ́rùn.

Káńsílọ̀ kan wà tó ń jẹ́ Anna. Ọmọbìnrin náà kò dàgbà ju Kabir lọ, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ mú. Ó pe Jàfárù àti Joshua, káńsílọ̀ kẹta, jókòó nílé kọfí kan.

"Ilé ìwé ṣí, ṣọ́ọ̀ṣì ṣí, ilé ìtajà ṣí," ó ní. "Àwọn dókítà ń sọ pé àwọn ọmọdé àti aboyún ni àìsàn yìí ń bá jà jù. Àwọn arúgbó nìkan ni méyọ̀ tìlẹ̀kùn mọ́. Òfin ìlú sì ni pé kò lè ti ilé ìlú kan láìgba àṣẹ lọ́wọ́ wa. Àwọn méjì yòókù wà lẹ́yìn rẹ̀, àwa mẹ́ta la kù. Jàfárù, ìwọ làwọn arúgbó mọ̀. Níbi ìpàdé oṣù kọkànlá, lọ́jọ́ Monday, ìwọ ni kó o kọ́kọ́ dìde, bi í pé ta ló fún un láṣẹ. Tó bá ti dáhùn, a ó dìbò, a ó ṣílẹ̀kùn."

"Mo gbọ́," ni Jàfárù wí.

Ó gbọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n oorun ò kùn ún dáadáa látọjọ́ náà. Ẹ rántí pé abúlé kan lẹ́yìn Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti wò ó dàgbà. Aaron, méyọ̀ yìí, ọmọ Amẹ́ríkà dúdú, ti ń lọ sí ọgọ́rin ọdún. Kí Jàfárù dìde lójú gbogbo ènìyàn, kó sọ̀rọ̀ sí bàbá lójú báyìí, láìkọ́kọ́ lọ bá a nílé? Ta ló tọ́ ọ? Níbi tó ti wá, àgbà tó bá ṣe ohun tí kò dára, inú yàrá ni wọ́n ti ń kọ́kọ́ bá a sọ ọ́. Bó bá kọ̀ létí, ìgbà náà ni wọ́n á tó gbé e dé gbangba.

Nítorí náà, nírọ̀lẹ́ Sunday, ó ra ọsàn ńláńlá sínú àpò kan, ó di ilé méyọ̀.

Aaron fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Kò sẹ́lòmíì nínú ilé. Wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà lórí télifíṣọ̀n, ó pa ohùn rẹ̀, ó sì gba ọsàn náà tẹ̀rín-tẹ̀rín.

"Jàfárù! Èyí mà dáa o. Kò sẹ́ni tó ń wá sọ́dọ̀ mi mọ́ àfi ẹni tó fẹ́ kí n tún títì ṣe."

Jàfárù kí i dáadáa, ó bi í léèrè ara, ó bi í léèrè orúnkún tó ń dùn ún, kó tó wá rọra sọ̀rọ̀ kalẹ̀. Ó sọ ti gbọ̀ngàn. Ó sọ ti Àlàájà àti fìríìjì rẹ̀. Kò sọ ti ara rẹ̀.

Aaron gbé àpò ọsàn náà sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kú ní oṣù karùn-ún," ó ní. "Ilé àwọn arúgbó ló wà. Ẹnì kan ló wúkọ́ wọlé lọ́jọ́ kan, nígbà tó fi máa pé ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ìdajì wọn ti lọ, òun náà lọ. Mi ò sọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kú lábẹ́ òrùlé tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi."

Jàfárù kí i kú ará fẹ́ra kù. Wọ́n jókòó, wọ́n ń wo bọ́ọ̀lù tí kò lóhùn. Nígbà tó dìde pé òun ń lọ, Aaron dìde pẹ̀lú rẹ̀. Ó wọ sálúbàtà, ó dì í lápá mú, ó sìn ín jáde, ó sìn ín dé ẹnu mọ́tò, ó sì dúró lójú títì nínú òtútù títí mọ́tò Jàfárù fi ṣẹ́ kọ́nà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn. Lábúlé Jàfárù, bí o bá lọ bẹ àgbà, tí ọ̀rọ̀ rẹ kò bá wọ̀ ọ́ létí, orí àga rẹ̀ ni yóò wà tí yóò ti ní ó dàbọ̀. Èyí tó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ sìn ọ́ dé ojú ọ̀nà, tó dúró títí ojú rẹ̀ kò fi rí ọ mọ́, ó ti gba ẹ̀bẹ̀ rẹ nìyẹn, kò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò kó fi ẹnu sọ ọ́. Jàfárù ń kọrin nínú mọ́tò lọ sílé. Ó pe Àlàájà pé kí ó sọ fún ọmọ rẹ̀ kó ní sùúrù, wọ́n máa ṣí i. Kò pe Anna. Ohun tí wọ́n bá parí ní yàrá àgbà, wọn kì í gbé e kiri.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ìpàdé kún. Anna ní, "Káńsílọ̀ Jàfárù ní ìbéèrè fún méyọ̀."

Jàfárù dìde. "Mo ti rí bàbá," ó ní. "A ti sọ ọ́. Ẹ jẹ́ ká fún wọn láyè díẹ̀."



"Ẹ ti sọ ọ́?" Anna yíjú sí i. "Ìwọ àti ta? Níbo?"

"Nílé wọn. Mo lọ kí wọn lánàá."

Ọkùnrin kan láti ẹ̀yìn bú sẹ́rìn-ín. "Kí lo mú dání lọ?"

Jàfárù kì í purọ́. "Ọsàn."

"Ọsàn! Ẹ gbọ́ o, ó fi àpò ọsàn kan tà wá!"

Ẹ̀rín gba gbogbo ilé. Aaron gbé ọwọ́ sókè. "Jàfárù wá kí mi, ó ṣèèyàn. A sọ̀rọ̀ bí ọ̀rẹ́." Jàfárù ń wò ó lẹ́nu, ó ń retí kó sọ ọjọ́ tí ilẹ̀kùn máa ṣí. Aaron ṣí ìwé tó wà níwájú rẹ̀, ó ní ó kan ọ̀rọ̀ àwọn tó ń kó ewé ojú títì. Anna ní kí wọ́n kọ́kọ́ dìbò lórí gbọ̀ngàn ná. Òun àti Joshua nawọ́. Ọwọ́ Jàfárù wà lórí tábìlì, torí pé ó ṣì gbà pé bàbá ò tíì sọ̀rọ̀ tán ni. Ìbò náà ṣubú.

Lẹ́yìn ìpàdé, Anna dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Jàfárù, ilé dé ilé ni mo bá ọ dé nígbà tó ò ń wá ìbò." Ó kọjá lọ.

Látọjọ́ náà, fóònù Jàfárù kò dún bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Nílé ìtajà, àwọn tí wọ́n jọ ń ta dómínò á rí i, wọ́n á máa ka ara páálí ohun tó wà lọ́wọ́ wọn. Oṣù kọkànlá parí, ṣéènì wà níbi tó wà. Ó sú Jàfárù, ó tọ Aaron lọ sí ọ́fíìsì.

"Sà, ìgbà wo lẹ máa ṣí i?"

"Mo ti ṣàlàyé fún ọ. Mo rò pé ó yé ọ."

"Ṣùgbọ́n ẹ sìn mí dé ẹnu mọ́tò, sà. Ẹ dúró títí mo fi lọ."

Aaron wò ó bí ẹni tí kò mọ ohun tó ń sọ. "Àtẹ̀gùn iwájú ilé mi ti fọ́, Jàfárù. Ilẹ̀ ti ń ṣú. Mi ò fẹ́ kó o ṣubú ni."

Jàfárù dé fìlà rẹ̀. Ó ní ẹ ṣeun, sà, ó jáde.

Sátidé tó ṣáájú ìpàdé oṣù kejìlá ni wọ́n mú Àlàájà lọ. Jàfárù dé ibẹ̀, ó bá a gbé àpótí sínú mọ́tò ọmọ rẹ̀.

"Àlàájà, ẹ máà bínú."

"Kí ni mo fẹ́ bínú sí? O gbìyànjú." Ó ti wọ kóòtù tó tóbi jù ú lọ. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kù ńkọ́? Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa jókòó sílé?"

Ìbéèrè yìí bá Jàfárù délé. Ó pa télifíṣọ̀n méjèèjì, ó jókòó.

Níbi ìpàdé, èrò ò pọ̀. Òtútù ti mú. Nígbà tí Jàfárù dìde, Joshua kò wò ó. Jàfárù ṣí fìlà rẹ̀, ó mú un dání.

"Méyọ̀, mo ní ìbéèrè. Ta ló fún yín láṣẹ láti ti gbọ̀ngàn àwọn àgbà?"

Aaron tẹjú mọ́ ọn. "O mọ ìdí tí mo fi tì í, Jàfárù."

"Mo mọ ìdí, sà, kò sì ní tẹnu mi jáde. Àṣẹ ni mo ń béèrè. Ta ló fún yín?"

Bàbá náà yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀.  "Kò sẹ́ni tó fún mi."

"Mo dá a lábàá kí wọ́n ṣí i lẹ́yìn ọdún tuntun," ni Jàfárù wí.

Ó kù kí ẹnì kan kín in lẹ́yìn. Jàfárù dúró síbẹ̀, ó ń wo fìlà ọwọ́ rẹ̀. Ó ti ń rò pé kí òun jókòó nígbà tó gbọ́ ohùn Anna, tí kò gbé orí sókè: "Mo kín in lẹ́yìn."

Wọ́n dìbò. Mẹ́ta sí méjì. Nígbà tí ìpàdé tú, Jàfárù lọ bá méyọ̀ láti kí i. Aaron ti ń wọ kóòtù, ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó sì gba ilẹ̀kùn kejì jáde.

Oṣù kìíní, wọ́n tú ṣéènì. Jàfárù ló kọ́kọ́ dé. Wọ́n ti to àga yí àwọn tábìlì ká bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó wá kò kún tábìlì kan. Àwọn kan ti kó lọ bá ọmọ, àwọn kan ní ó ti mọ́ àwọn lára láti máa dá wà nílé. Àwọn tó wá náà kí i, ṣùgbọ́n wọ́n jókòó jìnnà sí i díẹ̀.

Ó yọ fóònù, ó pe Atlanta.

"Wọ́n ti ṣí i, Àlàájà."

"Alhamdulillahi! Ta ló wá?"

Jàfárù wo yíká gbọ̀ngàn náà. "Wọ́n ń bọ̀," ó ní. "Wọ́n ṣì ń bọ̀."

Àlàájà ní ọmọ-ọmọ òun ń fẹ́ lo fóònù, ó ní ó dàbọ̀. Jàfárù fa àwo oúnjẹ sún mọ́ra, ó sì ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, kó má baà tètè tán.