Verlyn Ní Oyin Wa Ti Kú

Bí yìnyín bá ti bo ìpínlẹ̀ Minnesota tí à ń gbé, a kì í ṣí àpótí oyin mọ́. Inú ibẹ̀ ni àwọn oyin ti ṣù mọ́ra, tí wọ́n ń gbọ̀n kí ara wọn lè gbóná. Etí nìkan la fi ń wò wọ́n.

Àpótí kan ṣoṣo ló kù fún wa lọ́dún yìí. Àwọn yòókù kú mọ́ wa lọ́wọ́ lọ́dún tó kọjá, Verlyn ọkọ mi sì búra pé bí eléyìí náà bá lọ, òun ò ní sin oyin mọ́ láé. Èmi Ardis rèé, oyin ti wà lẹ́yìn ilé bàbá mi kí n tó ní eyín. Ilé tí kò ní oyin kò jọ ilé lójú mi.

Kì í ṣe pé Verlyn kò fẹ́ràn wọn. Àfẹ́jù gan-an ló ń ṣe é. Bí òtútù ṣe dé, ó fi rọ́bà dúdú wé àpótí, ó fi koríko gbígbẹ ká a, ó tún wá fi òwú dí ihò kékeré òkè rẹ̀.

"Verlyn, ibẹ̀ ni wọ́n ń mí gbà!"

"Atẹ́gùn ń wọlé tọ̀ wọ́n."

"Òtútù kì í pa oyin tó yó. Omi èémí wọn tó bá ń kán padà sí wọn lórí ló ń pa wọ́n. Yọ òwú yẹn kí n tó fi dí imú ẹ!"

Ó yọ ọ́, ó ń kùn.

Nínú oṣù Kejì, ó lọ fi ìka gbá àpótí, ó gbé etí lé e. Kò gbọ́ nǹkan kan. Èmi náà gbé etí lé e, n kò gbọ́ nǹkan kan. Ọkàn mi bàjẹ́, ṣùgbọ́n n kò gbà pé wọ́n ti kú. Verlyn kò bá mi jiyàn, ó kàn pe Orrin àbúrò rẹ̀, ọlọ́sìn oyin bíi tiwa, pé kó wá gbé àpótí náà lọ.

Lọ́jọ́ tí Orrin dé, oòrùn yọ! Omi yìnyín ń kán láti orí òrùlé. Orrin bọ́ọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀ rẹ̀ tòun ti kóòtù tuntun, funfun báláú.

"Ìyàwó tuntun lo fẹ́ lọ fẹ́ ni?" mo bi í.

"Jẹ́ n ráyè, ìyàwó wa. Òkú yín dà?" Ó fi ọwọ́ kan gbé ẹ̀yìn àpótí sókè. "Ó fúyẹ́ o. Wọ́n ti jẹ oyin inú ẹ̀ tán."

"Ẹ dúró ná!"

Mo kúnlẹ̀ sínú yìnyín, mo fi wáyà ha ẹnu ọ̀nà ìsàlẹ̀ àpótí. Òkú oyin ń dà jáde, ẹ̀kúnwọ́ lórí ẹ̀kúnwọ́. Verlyn mí kanlẹ̀.

"Ardis, ṣé o rí i báyìí? Dìde, ro ti orúnkún ẹ."

"Òkú ló dí ilẹ̀kùn. Ìyẹn ò sọ pé kò sẹ́nì kankan nílé!"

Mo tún ti wáyà wọlé. Ọ̀kan rákò jáde, ó gun ìbọ̀wọ́ mi, ó ń gbọn ìyẹ́. Kí n tó lanu, àpótí hó yèè! Wọ́n ya jáde sínú oòrùn, gbogbo wa sì figbe ta. Oyin kì í yàgbẹ́ sínú ilé rẹ̀. Láti ìgbà tí òtútù ti dé ni wọ́n ti mú un mọ́ra. Ojú ọ̀run ni wọ́n ti tú u sílẹ̀. Gbogbo yìnyín di tótòtó, kóòtù Orrin náà kò sì mórí bọ́.

"Kóòtù mi o!"

"Wọ́n ń kí ẹ káàbọ̀ ni!" Mo ń jó, èmi ìyá arúgbó. Inú mi dùn dé ibi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú.

Verlyn nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "Orrin, o ní àpótí yẹn fúyẹ́?"

"Bí agolo òfìfo."

"A jẹ́ pé ebi ló ń pa wọ́n! Ebi á pa wọ́n kú kí òdòdó tó yọ!"

Ọkùnrin tó búra ọjọ́sí ló sáré wọlé, bàtà ẹlẹ́rẹ̀ lórí ilẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń ṣí kọ́bọ́ọ̀dù gbàgà-gbàgà. Gbogbo ṣúgà ilé ló kó jáde, àtèyí tó wà nínú ife orí tábìlì. Ó ṣí ìdérí àpótí, ó tẹ́ ìwé ìròyìn lé àwọn oyin lórí, ó da ṣúgà sí i, ó sì yára pa á dé. Oyin kan ta á létí, kò tiẹ̀ mọ̀.

Nígbà tí a wọlé, mo gbé kọfí fún wọn. Orrin tọ́ ọ wò, ó fajú ro.

"Ìyàwó wa, ṣúgà dà?"

"Mu ún bẹ́ẹ̀," ni Verlyn dá a lóhùn. "Àwọn ọmọ ń jẹun lọ́wọ́."