Ikọ́ Àṣá

Ẹ́ńjìnnì Àṣá, mọ́tò àtijọ́ náà, gbá, ó bú, ohùn rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ bí omi inú àwo. Pẹ̀lẹ́ gbọ́wọ́ kúrò lórí kọ́kọ́rọ́, ó ń retí. Fèrèsé yàrá ìyá rẹ̀ dojú kọ gáráàjì, wọ́n sì ti ṣí i sílẹ̀ gbayawu láti òwúrọ̀. Kò pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, yọrí síta.

"Pẹ̀lẹ́! Màmá ní àlejò ta nìyẹn?"

"Àlejò kẹ̀? Àǹtí mi, ẹ sọ fún wọn pé Àṣá ni."

"Mo ti sọ ọ́. Wọ́n ní irọ́ ni. Wọ́n ní kí àlejò náà má páàkì síbi tí Ìjì máa ń gbé tiẹ̀ sí o."

Pẹ̀lẹ́ pa mọ́tò náà. Ó jókòó sínú rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbá létí.

Ìjì ni àkọ́bí ìyá wọn. Ó ti kú tipẹ́, inú Àṣá yìí gan-an ló kú sí, ní kọ́nà kan tí ó ti gbà láìmọye ìgbà. Màmá sunkún rẹ̀, ó sì gbà fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n nígbà tí ogbó mú ìgbàgbé wọlé, ikú Ìjì ni ìgbàgbé kọ́kọ́ jí gbé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ibi tó wà. Wọ́n sọ òótọ́ fún un. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sì ti sọ ọ́, ṣe ni obìnrin náà ń wó lulẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé òkú náà dé. Nígbà tó yá, wọ́n jáwọ́. "Ó ń bọ̀, Màmá." Ohun tí wọ́n ń wí nìyẹn.

Nísinsìnyí, àìsàn ti jẹ ẹ́ dé egungun. Dókítà ti ní kí wọ́n máa gbé e lọ sílé, ó fún wọn ní oògùn tí yóò mú ìrora fúyẹ́. Màmá pa ẹnu dé, kò gbà á. "Ẹ jẹ́ kí Ìjì dé ná." Ó ń jẹ̀rora, ó ń retí. Ẹ̀mí á lọ dé ẹnu ọ̀nà, á tún padà, bí ẹni tó ti ti ilẹ̀kùn tán tó tún rántí iná tó wà lórí ààrò.

Ìdí rèé tí Pẹ̀lẹ́ fi ká aṣọ kúrò lórí Àṣá, kí Màmá lè gbọ́ ìró rẹ̀ bí ẹni pé Ìjì ti dé.

Nílẹ̀ Yúróòpù ni wọ́n ti ṣe é, lẹ́yìn ogun ńlá. Irin ṣọ̀wọ́n lásìkò náà, àjókù bàálù ogun ni wọ́n yọ́, wọ́n fi òòlù onígi lù ú títí ó fi ní imú gígùn àti ìdí roboto. Eré ìje nìkan ni wọ́n ṣe é fún. Nígbà tó ń na àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kiri ni àwọn olówó ní àwọn náà fẹ́, ni wọ́n bá so iná àti ìjókòó aláwọ mọ́ ọn. Àwọn tó gùn ún yára débi tí wọ́n ń lọ. Àwọn mìíràn ò débẹ̀ rárá. Wọ́n ṣe ẹ̀dà kejì, tó wúwo, tó sì fara balẹ̀. Wọ́n ṣe ẹ̀kẹta, tó ní rédíò. Lẹ́yìn náà ilé iṣẹ́ ọ̀hún kógbá sílé. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ ni Ìjì lóun ń fẹ́. "Èkejì ti sanra," ó máa ń wí, "ẹ̀kẹta sì ti di pásítọ̀." Bó bá ti ń wọlé ni yóò máa kì í:

*Àṣá, ọmọ irin tí ń fò láìní ìyẹ́,*
*Onímú gígùn tí í gbóòórùn ọ̀nà kí ọ̀nà tó dé,*
*O kọjá lójúde, eruku ń béèrè ẹni tó lọ.*

Tíṣà ti sọ̀ kalẹ̀ wá sí gáráàjì. "Kí lo ṣe fún mọ́tò yìí?"

"Mo tún un ṣe ni."

"Ta ló ní kó o tún un ṣe?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa Pẹ̀lẹ́, àmọ́ kò jáde. Mẹkáníìkì ni. Àwókù tí wọ́n fi lọ́rì gbé wálé ló fi ìdajì ayé rẹ̀ tò padà. "Àǹtí mi, mọ́tò Ìjì máa ń húkọ́ ni. Kabúrétọ̀ kẹta ń mu epo yó bí ọ̀mùtí. Mo sọ fún un títí, ó ní kí n fi Àṣá òun sílẹ̀. Ikọ́ yẹn ni Màmá ń retí."

"O lè dá a padà?"

"Mo lè bà á jẹ́."

Tíṣà wo fèrèsé òkè. "Ẹni tó ń lọ bá Ẹlẹ́dàá rẹ̀ la fẹ́ tàn yìí, Pẹ̀lẹ́."

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ó ń bọ̀."

"Ẹnu lásán ni mo fi wí tèmi. Ìwọ fẹ́ gbé e wọ ọgbà." Ó mí kanlẹ̀. "Ẹni tó gbépo lájà ò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Ṣe é kíá. Ṣùgbọ́n o ò wá ní sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá o."

"Ta ni yóò wá tẹ iná?"

Ó lọ. Pẹ̀lẹ́ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kabúrétọ̀ mẹ́ta tí ń fún ẹ́ńjìnnì lépo tò síbẹ̀ bí ìbẹta, ó ti fi etí wọn ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan títí èémí wọn fi dọ́gba. Ó fi sukurudíráfà yí síkúrù ẹ̀kẹta síbi tí kò yẹ. Iṣẹ́ tó dára jù tó ṣe láyé rẹ̀ ló ń tú. Ó ṣíná. Àṣá húkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Kò tíì tó. Ó yí i sí i.

Àṣá húkọ́, ó tún húkọ́, ọ̀fun rẹ̀ sì là.

Pẹ̀lẹ́ wọ inú ọkọ̀, ó tẹ iná lẹ́ẹ̀mejì, gàn-ún, gàn-ún, bí Ìjì ti máa ń tẹ̀ ẹ́. Òórùn epo gba gáráàjì.

Láti òkè, ohùn tí kò ju ẹ̀mí lásán lọ láti ọjọ́ yìí wá bú jáde: "Ìjì! Ọmọ mi! O pẹ́ o!"

"Ó ti dé, Màmá," ni Tíṣà ń wí. "Ó ń páàkì. Ẹ lanu, ẹ gba èyí."

Lẹ́yìn náà, Pẹ̀lẹ́ ò gbọ́ nǹkan mọ́ ju ẹ́ńjìnnì lọ. Kò pa á. Bó bá pa á, Màmá yóò máa retí kí Ìjì gun òkè wá. Ojú ń ta á nítorí èéfín, ó jókòó síbẹ̀, ó ń tẹ iná díẹ̀díẹ̀, títí Tíṣà fi dé ẹnu ọ̀nà gáráàjì, gèlè ní ọwọ́.

"Pa á."

"Wọ́n gba oògùn?"

"Wọ́n gbà á. Wọ́n sùn. Wọ́n ti lọ, Pẹ̀lẹ́. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín."

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Orúkọ Ìjì."

"Wọn ò béèrè…" Kò parí rẹ̀. Pẹ̀lẹ́ ló ti ń wẹ obìnrin náà, tó ń fún un lóúnjẹ, tó ń gbé e láti ibùsùn dé àga. Tíṣà wolẹ̀.

Ó pa mọ́tò náà. Ìdákẹ́jẹ́ bo ọgbà. Etí rẹ̀ máa ń dá àìsàn mọ́tò mọ̀ láti òpópónà kejì. Ó fi í wá ìró ọkọ̀ kékeré tirẹ̀ nínú ìrántí, bó ti máa ń wọlé ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo, fún ọ̀pọ̀ ọdún, lábẹ́ fèrèsé yẹn. Ó tẹ́tí títí.

Kò gbọ́ nǹkan kan.