Àpáta Tí Kò Sí Nísàlẹ̀ Omi

Ọmọ Atọ́wò ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti lé ní ogójì ọdún, tí ewú sì ti ń yọjú níwájú orí rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló ni orúkọ náà. Láyé ìgbà tí kò tíì sí ẹ̀rọ, bàbá yìí ni ọ́fíìsì èbúté gbà láti máa wọn ìsàlẹ̀ omi ní ẹnu odò, níbi tí odò ti ń bọ́ sínú òkun. Okùn gígùn ló fi ń wọ̀n ọ́n. Kókó wà lára okùn náà, kókó kan sí èkejì jẹ́ nína apá méjèèjì. Òjé kan wà ní ìdí okùn, ó wúwo tó ọmọ ọdún kan, ihò sì wà nídìí òjé. Bàbá á ki ọṣẹ rírọ̀ bọ inú ihò yẹn, á ju òjé sómi, á máa ka kókó títí òjé á fi balẹ̀. Bó bá fà á sókè, ohun tó bá lẹ̀ mọ́ ọṣẹ ló ń sọ ohun tó wà nísàlẹ̀: iyanrìn ni o, ìkarahun ni o, ẹrẹ̀ ni o. Bí ọṣẹ bá gòkè láìmú nǹkan kan, tó kàn ha lójú, àpáta nìyẹn. Ṣùgbọ́n bàbá kì í fi ojú nìkan wò ó. Á fi ìka kan ha díẹ̀ níbẹ̀, á fi kan ahọ́n. Ó ní ojú lè tan èèyàn jẹ, ahọ́n kì í tan èèyàn jẹ. Bó ṣe di Atọ́wò nìyẹn.

Máàpù tó yà nígbà náà ni àwọn ọkọ̀ ṣì ń tẹ̀ lé. Odò ọ̀hún pín sí ọ̀nà méjì kó tó wọ òkun, ọ̀nà fífẹ̀ kan àti ọ̀nà tóóró kan. Àárín ọ̀nà fífẹ̀ ni Atọ́wò kọ "àpáta" sí, ó sì fi gègé pupa fa ìlà yí i ká. Látìgbà náà, ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ọkọ̀ kankan kò gba ibẹ̀ mọ́. Ọ̀nà tóóró ni gbogbo wọn ń há ara wọn sí, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni eyín òkúta wà. Lọ́dún tó kọjá, ọkọ̀ èrò kan fọ́ níbẹ̀, èèyàn mẹ́sàn-án bá a lọ. Ìgbà yẹn ni ọ́fíìsì ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ tún gbogbo ìsàlẹ̀ omi náà yà. Ta ni wọ́n á sì gbé iṣẹ́ fún bí kò ṣe ọmọ ẹni tó mọ ibẹ̀ bí atẹ́lẹwọ́ rẹ̀?

Òun àti atukọ̀ kan ni wọ́n jọ ń jáde. Sùúrù ni wọ́n ń pe atukọ̀ yìí, nítorí pé kò ní in. Ọjọ́ tí wọ́n fi dé ọ̀nà fífẹ̀, ó ku ọjọ́ méjì kí wọ́n fa máàpù lé ọ́fíìsì lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n," Sùúrù ní, "ibi àpáta bàbá yín la ń forí lé yìí o. Ọkọ̀ yìí nìkan ló kù fún mi láyé. Ìyàwó ti lọ."

"Ẹnu ẹ ló lé e lọ. Rọra máa tukọ̀."

"Mò ń rọra. Ẹ ṣáà máa dákẹ́ tá a bá débẹ̀. Àwa atukọ̀ kì í sọ̀rọ̀ níbẹ̀."

"Kí ló dé?"

"Wọ́n ní téèyàn bá sọ̀rọ̀, ẹnì kan á dáhùn."

"Ìwọ tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun! Jẹ́ ká wò ó bóyá wàá lè dákẹ́."

Ó sì dákẹ́ lóòótọ́. Ìyẹn gan-an ló kọ́kọ́ ba ọmọ Atọ́wò lẹ́rù.

Ẹ̀rọ náà, ohùn ló ń jù sísàlẹ̀ omi, kọ́, kọ́, kọ́, bí ẹni ń kanlẹ̀kùn. Ohùn á balẹ̀, á padà, ẹ̀rọ á sì fi ìlà ya bó ṣe padà. Èyí tó bá bá àpáta pàdé, ìlà rẹ̀ á dúdú kirikiri. Èyí tó bá bọ́ sínú ẹrẹ̀, á rì lọ díẹ̀, ìlà rẹ̀ á ṣe bàìbàì bí èéfín. Ọmọ Atọ́wò gbé agbọ́hùn sétí, ó tẹjú mọ́ ojú ẹ̀rọ, ó ń retí ìlà dúdú. Èéfín ló rí. Wọ́n tún un gbà. Èéfín náà ni. Omi mítà mọ́kànlá, lẹ́yìn náà ẹrẹ̀ mítà mẹ́rin, ẹrẹ̀ rírọ̀ tí abẹ́rẹ́ lè rì dé ìdí. Kò sí àpáta. Ohun líle kan ṣoṣo ló wà ní ìdí ẹrẹ̀, kò ju ìgò omi lọ, nǹkan gígùn kan sì nà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí kò le, tí kò sì rọ̀.

Ó ní kí wọ́n gbà á lẹ́ẹ̀kẹta. Èéfín náà ló tún rí. Ó ní bóyá ẹ̀rọ ló ń ṣe wèrè, ó pa á. Ojú ẹ̀rọ ṣókùnkùn. Ó fẹ́ yọ agbọ́hùn létí ni ó gbọ́ ọ: kọ́. Kọ́. Kọ́. Sùúrù ń wò ó lójú.

Ọmọ Atọ́wò ju irin elẹ́nu méjì sísàlẹ̀ kó bu ẹrẹ̀ wá. Bí irin ti ń gòkè, omi hó lójú kan, bí ẹni tó ti sé èémí mọ́nú tipẹ́ tó wá mí jáde. Ẹrẹ̀ náà dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó rọ ọ́ sínú ìgò, ó lẹ nọ́mbà mọ́ ọn, ó mú un lọ sílé.

Ilé bàbá rẹ̀ ló ń gbé, òun, bàbá, àti Ìyá Kékeré. Ìyá Kékeré ni ìyàwó àbúrò bàbá. Ó bá ọmọ Atọ́wò nílé ní ọmọ ọdún mẹ́jọ, "ọkọ mi" ló sì ń pè é títí dòní. Kò ju ọdún kan lọ tó wọlé ọkọ tí ọkọ fi dàwátì. Atọ́wò ló padà ti orí omi wálé lọ́jọ́ náà tó ní àbúrò òun ti bá ọkọ̀ ńlá kan lọ sí òkè òkun, pé á ránṣẹ́ pe ìyàwó. Kò ránṣẹ́. Ìyá tó bí tẹ̀gbọ́n tàbúrò kú sórí ìrètí. Ìyá Kékeré kò kú, kò sì lọ. Bàtà sáńdà ọkọ rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, ó kọjú sínú ilé, gbogbo ọjọ́ Sátidé ló ń fi epo pa awọ rẹ̀.

Ohun kan sì wà tó ti mọ́ ilé yẹn lára. Nígbàkigbà tí omi bá ń fà padà sókun, ìbáà ṣe òwúrọ̀, ìbáà ṣe ọ̀sán gangan, ẹnì kan á kan fèrèsé Ìyá Kékeré lẹ́ẹ̀mẹta. Á sáré lọ ṣí i. Kò ní bá ẹnikẹ́ni, àmọ́ igi fèrèsé á tutù, á sì máa rùn bí ẹrẹ̀.

"Ẹ̀ka igi ni," Atọ́wò á wí.

Kò sí igi kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yẹn.

Ojú bàbá ti fọ́ báyìí, ṣùgbọ́n ahọ́n rẹ̀ ṣì mú. Eré tí òun àti ọmọ rẹ̀ máa ń ṣe ni pé bí ọmọ bá mú ẹrẹ̀ dé, bàbá á tọ́ ọ wò, á sọ ibi tó ti wá. Kì í ṣì í. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Ìyá Kékeré ń sá aṣọ lẹ́yìnkùlé.

"Kí ni mò ń gbóòórùn ẹ̀ yẹn?" bàbá bèèrè. "Gbé e wá. Àbí o rò pé mo ti darúgbó ni?"

"Ẹ ò tíì darúgbó, bàámi. Ẹ kàn ti pẹ́ láyé ni."

Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ki ìka bọ ìgò, ó fi kan ahọ́n. Ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lófuurufú, kò gbé e wálẹ̀.

"Dá a padà," ó ní.

"Ẹ sọ ibi tí mo ti mú un fún mi ná."

"Mo ní kó o dá a padà síbi tó o ti bù ú!"

"Bàámi, àpáta lẹ kọ síbẹ̀."

Ohùn bàbá wá kéré bíi ti ẹni tó wà nínú kànga.

"Àbúrò mi ló ń ju òjé lọ́jọ́ náà. Ẹni tó ń ju òjé kì í dúró sínú okùn tó ká sílẹ̀. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lánàá gan-an mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òun dúró síbẹ̀, ó ń bá mi ṣàwàdà, ó ń ka kókó bó ṣe ń lọ. Ó dé ẹẹ́fà, ó ní, 'Ẹ̀gbọ́n, ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà...' Kò rí i parí. Okùn ti wé e lẹ́sẹ̀, ó fà á wọ omi."

"Ẹ ò fà á?"

"Mo fà á! Òjé ti rì sínú ẹrẹ̀, ó di ìdákọ̀ró. Omi ń fà lọ sókun, ó ń gbé ọkọ̀ lọ, okùn ń fa imú ọkọ̀ wọlẹ̀, omi ti ń wọnú ọkọ̀. Mo bá yọ ọ̀bẹ." Ó nu ahọ́n rẹ̀ sí etí aṣọ, bí ẹni pé ìtọ́wò náà kò fẹ́ lọ. "Mo ti gbé ọ̀bẹ lé okùn nígbà tí àbúrò mi fa okùn lẹ́ẹ̀mẹta nísàlẹ̀. O mọ ohun tí ẹ̀ẹ̀mẹta jẹ́ nínú iṣẹ́ wa."

Ó mọ̀ ọ́n. Láti kékeré ló ti mọ̀ ọ́n. Fífà kan, ó ti balẹ̀. Méjì, dúró ná. Mẹ́ta, fà mí sókè.

"Mo sì gé e," bàbá ní.

Ọmọ Atọ́wò rántí fèrèsé.

"Mo kọ àpáta kí ìdákọ̀ró ẹnikẹ́ni má baà gbé e jáde, kí ìyá wa má baà rí okùn lẹ́sẹ̀ ọmọ ẹ̀, kó má sì mọ̀ pé ọ̀bẹ ló gé okùn. Kọ ọ́ bí mo ṣe kọ ọ́. Tí mo bá kú tán, kọ ohun tó bá wù ẹ́."

"Èèyàn mẹ́sàn-án tó kú lọ́nà tóóró ńkọ́, bàámi?"

"Mò ń kà wọ́n," bàbá ní. "Ẹẹ́fà ni mo máa ń kà dé. Mi ò lè kọjá ibẹ̀."

Ó sì ṣe bí ẹni fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ tó bí. Ọmọ sáré dì í mú léjìká.

"Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ẹni tó bá parọ́ sínú máàpù, ẹni tí kò mọ̀ rí ló ń pa. Ẹrẹ̀ ni, ẹrẹ̀ ni màá kọ. Ṣùgbọ́n Ìyá Kékeré ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ará ọ́fíìsì. Ẹ̀yin lẹ máa sọ fún un. Kí aṣọ tó gbẹ."

Aṣọ yára gbẹ lọ́jọ́ náà. Ìyá Kékeré gbé apẹ̀rẹ̀ wọlé, ó jókòó, ó ń ká aṣọ, bàbá sì sọ ọ́ fún un, okùn, ọ̀bẹ, àti fífà mẹ́ta. Kò ké. Ó ká aṣọ tó kù tán, ó to wọ́n létí ara wọn. Ìgbà náà ló yíjú sí ọmọ Atọ́wò.

"Ọkọ mi, báwo ló ṣe jìn tó?"

"Omi mítà mọ́kànlá, mà. Ẹrẹ̀ mítà mẹ́rin."

"Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n," Ìyá Kékeré ní, "mo ń pa sáńdà lépo fún ẹni tí kò gòkè wá láti inú ilẹ̀ mítà mẹ́rin." Ó dìde. "Ẹ gbé mi lọ síbẹ̀ lọ́la. Ẹ̀yin náà ń bọ̀, ọkọ mi àgbà. Ẹ mú okùn yín dání."

Òjé kejì tí Atọ́wò ní tẹ́lẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Òun ni wọ́n gbé sọ́kọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Sùúrù rí ojú wọn, ó sì dákẹ́ kí wọ́n tó dé ibi tí wọ́n ti ń dákẹ́. Ìyá Kékeré fúnra rẹ̀ ló ki ọṣẹ bọ inú ihò. Kò dúró sínú okùn. Ó jù ú. Bàbá ń fi ìka ka kókó bí okùn ti ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá: "Oókan. Eéjì. Ẹẹ́ta..." Ó dé ẹẹ́fà, kò ka nǹkan kan mọ́. Okùn náà kò dúró, ó ṣì ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Obìnrin náà fà á sókè díẹ̀díẹ̀. Ó ha ẹrẹ̀ kúrò lójú ọṣẹ, ó fi kan ahọ́n, ó dijú.

"Iyọ̀ ni," ó ní. "Iyọ̀ lásán. Ọkọ mi, kọ ohun tó jẹ́."

Ọmọ Atọ́wò pa àpáta rẹ́, ó kọ ẹrẹ̀. Ó kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé: Èèyàn kan wà níbí. Kí wọ́n gbé e kí ẹnikẹ́ni tó gbẹ́ ilẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, máàpù ti wà lórí tábìlì ọ̀gá ní ọ́fíìsì.

Nígbà tí wọ́n padà délé, Ìyá Kékeré kó sáńdà kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ó fi bébà wé e, ó gbé e sínú àpótí. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó ní pálọ̀, oòrùn ń tàn, omi ń fà lọ sókun. Wọ́n ń retí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni nínú wọn kò ní sọ ọ́ jáde.

Kọ́. Kọ́. Kọ́.

Kì í ṣe fèrèsé Ìyá Kékeré. Yàrá bàbá ni.

"Ẹ̀ka igi ni," bàbá ní.

Ìyá Kékeré kò gbé ojú kúrò lórí ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ dìde kẹ́ ẹ lọ dá a lóhùn, ọkọ mi àgbà. Ẹ̀yin ló ń pè látọjọ́ yìí. Fèrèsé ló ń ṣì kàn."

Wọ́n tún kàn án. Bàbá dìde, ó ń fi ọwọ́ wá ọ̀nà lára ògiri, ó wọ yàrá lọ. Láti ibi tí ọmọ rẹ̀ jókòó sí, ó rí i bó ṣe dé iwájú fèrèsé, tó ṣí i, tó na ọwọ́ méjèèjì síta, tó sì ká ìka lé afẹ́fẹ́, bí ẹni tó fẹ́ di okùn mú.