Ìdílé Tí Kò Lórúkọ Lára Aṣọ

"Ìyá Abẹ́rẹ́, ẹ jọ̀ọ́, òwú pupa yẹn kò gbọdọ̀ yọ síta ìlà o," ayàwòrán wí, ó tún fẹjú mọ́ ọwọ́ mi.

Mo ń bá ìránṣọ mi lọ. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń ránṣọ. Ọmọ tí ilé-ẹ̀kọ́ gíga ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀ ló wá ń kọ́ mi bí abẹ́rẹ́ ṣe ń rìn. Aṣọ funfun tó bo tábìlì mi tán ni òun àti dókítà kan tó ń ṣèwádìí ẹ̀jẹ̀ fẹ́ gbé kọ́ níbi ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà wọn. Ìtàn ìdílé kan ni, tí jẹjẹrẹ ọmú ń pa obìnrin rẹ̀ láti ìran dé ìran. Wọn ò kọ orúkọ kankan sí i. Àmì róbótó ni obìnrin, onígun mẹ́rin ni ọkùnrin. Ẹni tó ti kú, kí n fi òwú dúdú fa ìlà kọjá lórí rẹ̀. Obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá fi hàn pé ó jogún ewu náà, kí n fi pupa kún inú rẹ̀.

Ó ti lọ kí n tó rán dé ìlà kẹta. Ìyá kan, ó pupa, ó sì ti kú. Ọmọ márùn-ún: ọkùnrin kan, ìbejì obìnrin tí àwọn méjèèjì ti kú, obìnrin méjì tẹ̀ lé wọn. Inú àmì èyí ẹ̀gbọ́n ṣófo láìsí pupa, ẹ̀gbọ́n náà kò sì bímọ. Èyí àbúrò pupa, ó bí ọmọbìnrin kan.

Abẹ́rẹ́ gún mi níka. Ta ni yóò rí ilé ìyá rẹ̀ tí kò ní dá a mọ̀? Èmi ni ẹ̀gbọ́n yẹn. Mo dúpẹ́ pé tèmi kò pupa, ojú sì tì mí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ nítorí àbúrò mi.

Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, lẹ́yìn tí a sin ìyá wa, dókítà yìí kan náà, tó ti gba ẹ̀jẹ̀ ìyá wa kó tó kú, gba ẹ̀jẹ̀ èmi àti àbúrò mi. Kò pè wá mọ́, a sì gbà pé àlàáfíà ni. Nígbà tí kókó kan yọ sí àbúrò mi lọ́mú, ó ní garawa omi tí òun ń gbé níbi tí òun ti ń nulẹ̀ ló fà á. Èmi tí mo pe ara mi ní ẹ̀gbọ́n ni mo sọ fún un pé kó fọkàn balẹ̀: "Ṣebí wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ wa wò? Ká ní nǹkan wà níbẹ̀, ṣé wọn ò ní pè wá ni?"

Mo fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ lára aṣọ, mo forí lé ọ̀dọ̀ dókítà.

"Màmá, ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí ìwé," ó ní. "Ìwádìí ni, kì í ṣe ìtọ́jú. Ó wà níbẹ̀ pé a kì í sọ èsì fẹ́nikẹ́ni."

"Ta ló kà á fún wa?"

Ojú ní í rójú ṣàánú. Dókítà kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ń to ìwé orí tábìlì rẹ̀.

"Láti ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

"Á tó bí ọdún méjì."

"Ẹ ò sọ fún wa, ayàwòrán lẹ wá lọ sọ fún!"

"Kò sórúkọ nínú ohun tí mo fún un, màmá. À ń dáàbò bò yín ni."

Lọ́jọ́ kejì, mo mú àbúrò mi lọ sílé ìwòsàn. Oníṣègùn tẹ ọmú rẹ̀, ó tẹ abíyá rẹ̀, ó béèrè ohun tó dá a dúró di ìgbà yìí. Àrùn ti wọ ẹ̀dọ̀. Oṣù mẹ́rin péré ló lò sí i láyé. Ọ̀sẹ̀ tí àbúrò mi kú gan-an ni wọ́n ṣí ìpàtẹ náà. Wọ́n ti wá aránṣọ mìíràn tó parí iṣẹ́. Mo gbọ́ pé àwọn èèyàn ńlá sunkún níwájú aṣọ náà, wọ́n sì pàtẹ́wọ́.

Lẹ́yìn oṣù kan, nọ́ọ̀sì dókítà wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ó gbé àpótí kékeré tí wọ́n ń kó ẹ̀jẹ̀ sí dání.

"Ẹ kú ará fẹ́ra kù, màmá. Dókítà ní ká wá gba ti ọmọ olóògbé."

Ọmọ àbúrò mi, ẹni ọdún mọ́kàndínlógún, ń lọ aṣọ lọ́wọ́. Ó gbé irin ìlọṣọ náà dúró.

"Tẹ́ ẹ bá gbà á, ṣé ẹ máa sọ ohun tẹ́ ẹ rí fún mi?"

Nọ́ọ̀sì wolẹ̀. "Ìwé ti tẹ́lẹ̀ yẹn náà ṣì ni; a kì í sọ èsì."

"Ibo ni wọ́n tún ti ń yẹ irú ẹ̀ wò?"

"Kò sí nítòsí, àfi ẹni tó bá lówó àtirìn jìnnà."

Mo dìde láti lé e jáde. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ti fa àga, ó ti ká apá aṣọ rẹ̀ sókè.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbà á, màmá," ó ní. "Ó kéré tán, ẹnì kan á mọ̀."